Ọjọ́ Orí Ni Wọ́n Fi Rí I

Ọmọdé 48 péré ni. Àkọsílẹ̀ wọn wà ní ilé ìwòsàn M. D. Anderson ní Houston, ní Texas, láti ọdún 1944 títí wọ 1969, gbogbo wọn ló sì ní jẹjẹrẹ inú ẹyinjú tí àwọn dókítà ń pè ní retinoblastoma. Alfred Knudson tó jókòó ti ìwé wọn kò yọjú sínú maikirosíkóòpù, kò gé ẹran ara ẹnikẹ́ni wò. Ohun mẹ́ta ló ń wá nínú ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan: ṣé ojú kan ni àbí méjèèjì, kókó mélòó ni wọ́n kà níbẹ̀, ọmọ oṣù mélòó sì ni nígbà tí wọ́n rí i. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1971. Ó ní ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà kí jẹjẹrẹ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1986 ni àwọn tí ẹ̀rọ wọn tó ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ba jíìnì tó ń bàjẹ́ náà gan-an, tí wọ́n sì rí i pé bó ti wí ló rí.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí iṣẹ́ tó mọ́, mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ yìí sì mọ́. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn.

Ó kọ́kọ́ ya àwọn tó ní àrùn náà lójú méjèèjì kúrò lára àwọn tó ní in lójú kan. Ó wá bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè pé: nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́fà, mélòó nínú wọn ni wọn ò tíì rí àrùn lójú rẹ̀? Ọdún kan ńkọ́? Ọdún méjì ńkọ́? Ó fi àmì sí ìdáhùn wọ̀nyí lórí bébà gíráàfù tí ìlà rẹ̀ ń fún pọ̀ bó bá ṣe ń gòkè, irú èyí tó jẹ́ pé ohun tó bá ń dín kù ní ìdá kan náà lóṣooṣù á fà gbọọrọ lórí rẹ̀ láìtẹ̀. Àmì àwọn olójú méjì fà gbọọrọ. Ti olójú kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ rìn pẹrẹsẹ bí ẹni pé kò sí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó wá tẹ̀, ó dorí kodò.

Nínú ìyàtọ̀ ìlà méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìlà tó tọ́ ń sọ pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí, pé ó lè dé lóṣù èyíkéyìí, àti pé oṣù yìí kò burú ju èyí tó kọjá lọ. Ìlà tó tẹ̀ ń sọ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ná, kí èkejì tó ríbi bá wọlé. Ká ní ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n fi àgádágodo méjì tì. Ọmọ olójú kan ni ẹni tí àgádágodo rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n bí i: àfi kí kòńgẹ́ ṣí ọ̀kan, kó tún padà wá ṣí èkejì, lára sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ọmọ olójú méjì ní tirẹ̀ wá sáyé tòun ti ọ̀kan tó ti ṣí sílẹ̀, nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ pátá. Ẹyọ kan péré ló kù, sẹ́ẹ̀lì ojú sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ń tètè dé bá a, tí kì í sì í fi mọ sí ojú kan.

Apá tó wù mí jù ni ti kókó tó kà. Lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àgádágodo kan tó ti ṣí, ó ṣírò pé ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lọ sí bíi kókó mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ kòńgẹ́ kì í pín nǹkan dọ́gba. Ẹlòmíràn á gba márùn-ún, ẹlòmíràn á gba ẹyọ kan. Ìṣirò tí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Poisson ti gbé kalẹ̀ láyé àtijọ́ sọ pé níbi tí ìpín bá ti jẹ́ mẹ́ta, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ní í gba nǹkan kan rárá. Àwọn yẹn á dàgbà, ojú wọn á mọ́ gaara, wọ́n á gbéyàwó, wọ́n á lọ́kọ, wọ́n á bímọ, jẹjẹrẹ sì lè wá mú ọmọ wọn lójú méjèèjì. Ní àdúgbò tiwa, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìwá ẹni tí wọ́n á nàka sí: orogún kan, tàbí ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ láyé ju bó ti yẹ lọ lójú wọn. Iye kan ṣoṣo, 3, ti tó láti dá ìyá bẹ́ẹ̀ láre. (Níwọ̀n bí a ti dárúkọ àrùn náà: bí ẹ bá fi fóònù ya ọmọdé ní fótò, tí iná rẹ̀ sì ń gbé funfun yọ nínú ẹyinjú rẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ló jẹ́ pé ìgbà tí ojú bá ti wú síta ni wọ́n ń gbé wọn dé.)

Knudson kọ́ ló kọ́kọ́ fi ọjọ́ orí wo inú ara. Ní ọdún 1954, Peter Armitage tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti Richard Doll tó jẹ́ dókítà gbé àkọsílẹ̀ ikú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales síwájú. Doll yìí náà ni òun àti Bradford Hill ti fi hàn lọ́dún 1950 pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n mú oríṣi jẹjẹrẹ 17, wọ́n sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà: bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀, báwo ni ikú ṣe ń pọ̀ tó? Fún púpọ̀ nínú wọn, bíi ti ikùn àti ti ìfun ńlá, ìdáhùn náà jọra wọn lọ́nà tó yani lẹ́nu. Kọ ọjọ́ orí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí o sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí ewu ṣe ń gòkè nìyẹn. Ẹni àádọ́ta ọdún kò ju ẹni ọdún 25 lọ ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ jẹ́ 2×2×2×2×2×2, ìyẹn ìlọ́po 64.

Níbo ni mẹ́fà ti wá? Wọ́n ní bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ní láti la ìpele méje kọjá kó tó di jẹjẹrẹ, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kòńgẹ́ tó ṣọ̀wọ́n, ohun tí ìṣirò máa bí gan-an nìyẹn: iye ìpele, dín ẹyọ kan. Ẹ rántí pé ọdún kan péré ṣáájú ni Watson àti Crick ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fáyé bí DNA ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ìpele kankan nínú méje yẹn. Ìwé ikú ni wọ́n kà, wọ́n sì ti inú rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó ṣì wà láàyè. Mo tún fẹ́ràn pé wọn kò gbé ohun tí kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu pamọ́. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, ti ẹ̀dọ̀fóró, àwọn wọ̀nyí kò tẹ̀ lé ìlà náà bó ti yẹ, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ tó dájú ló ń fi ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí han oníbàárà.

Ìṣirò mìíràn wà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkọ̀lé-Èkìtì lè ṣe sẹ́yìn ìwé rẹ̀ kí olùkọ́ tó dé. Sẹ́ẹ̀lì kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kókó tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà kan nìyẹn, tó wọn bíi gíráàmù kan, tí ìka sì lè bá pàdé lára ọmú. Bó bá tún fi mẹ́wàá péré kún un, ó ti ń lọ sí kílò kan, èyí tí ara kò lè gbé. Nínú ogójì ìgbà, ọgbọ̀n ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá gba ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ọdún mẹ́jọ ti lọ. Jẹjẹrẹ Burkitt tó máa ń wú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kì í fẹsẹ̀ falẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48. Àrùn náà yára, òògùn náà sì yára bá a, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ni òògùn jẹjẹrẹ ń pa jù. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker lọ́dún 1972 nítorí òògùn àrùn yìí. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kókó ńlá kì í dàgbà bíi kékeré. Anna Laird fi hàn lọ́dún 1964 pé ó ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tóbi, ìṣirò tó sì lò ni èyí tí Benjamin Gompertz ti ṣe lọ́dún 1825 fún iṣẹ́ abánigbófò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmú tí kò tẹ̀ lé ìlà. Lọ́dún 1983, Malcolm Pike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe láìju ohun tí Armitage àti Doll ṣe nù. Wọ́n ní ọjọ́ orí obìnrin kọ́ ni ká máa fi ṣírò, ọjọ́ orí ọmú rẹ̀ ni. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ni ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Lẹ́yìn àkọ́bí, gbígbó rẹ̀ á dẹwọ́ díẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ń lọ tán, á tún dẹwọ́ sí i. Bí a bá fi ọjọ́ orí tuntun yìí rọ́pò èyí tó wà nínú ìwé ìbí, ìlà tó wọ́ tẹ́lẹ̀ á tọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni sùúrù. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ọmú yàtọ̀, kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Lọ́dún 1989, Mitchell Gail àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò kan tó lè sọ fún obìnrin bí ewu jẹjẹrẹ ọmú ṣe pọ̀ tó fún un láàárín àwọn ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, àwọn dókítà sì lò ó káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n obìnrin aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Lára ohun tó ń béèrè ni iye ìgbà tí wọ́n ti gé ẹran ọmú obìnrin náà wò rí. Ẹ gbé ìbéèrè yẹn lọ bá ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Ìkọ̀lé, ẹ óò rí bó ṣe máa wò yín. Ohun tí ìyá náà lè sọ láìronú, ìyẹn oṣù mélòó tó fi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́mú, ìṣirò náà kò béèrè rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, wọ́n béèrè rẹ̀. Ọdún 1998 ni iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà níbẹ̀. Olufunmilayo Olopade tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, ni aṣíwájú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ bíi Temidayo Ogundiran àti Adeyinka Ademola wà níbẹ̀ ní Ìbàdàn. Dezheng Huo ní Chicago sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ìṣirò náà. Wọ́n kó obìnrin tó ní àrùn náà jọ, wọ́n kó àwọn tí kò ní in jọ, wọ́n sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà. Lọ́dún 2008 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé oṣù méjìlá-méjìlá tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú ń dín ewu rẹ̀ kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdá méje dà bí ohun kékeré. Ẹ gbé e lọ sílé. Ìyá tó bí márùn-ún, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́mú fún ọdún méjì, ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe é. Bí a bá sọ 0.93 di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, 0.48 ló kù: ewu rẹ̀ ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jáde yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó-Èkìtì, tó bí méjì, tó sì já ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọmú lọ́dún kan, ní 0.86. Inú ilé kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìwádìí ọ̀hún kò fojú fo èyí: wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ohun tó ń mú ewu pọ̀ tàbí kéré ti yí padà gan-an láàárín ìran díẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ọmú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ kò lè fojú ìyá rẹ̀ wo ara rẹ̀, kó ní kò sẹ́ni tó ṣe irú àìsàn yìí rí nílé àwọn.

Nígbà tó di 2018, wọ́n ti ní obìnrin 1,811 tó ní àrùn náà àti 2,225 tí kò ní in, wọ́n sì fi wọ́n hun ìṣirò tiwa. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìgbà tí obìnrin kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, iye ọmọ, iye oṣù tó fi fún wọn lọ́mú, ìdílé, gíga, ìwọ̀n ara, kókó ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti ọtí. Bí ẹ bá mú obìnrin kan tó ní àrùn náà àti ọ̀kan tí kò ní in, tí ẹ sì ní kí ìṣirò yìí sọ èwo ni ewu tirẹ̀ pọ̀ jù, á gbà á ní bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà. Owó ẹyọ tí a sọ sókè á gbà á ní 50. Ìṣirò Gail kò tó o láàárín àwọn obìnrin wa. Àádọ́rin kì í ṣe ọgọ́rùn-ún o, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé e kiri bí ẹni gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán ọmú kò ti tó nǹkan, ó lè sọ àwọn tó yẹ ká kọ́kọ́ pè.

Iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń yìn nínú gbogbo èyí ni ti ẹni tó jókòó ti obìnrin náà tó sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé ìkànìyàn wa, àwọn tó pé 40, 50, 60 máa ń pọ̀ ju àwọn tó pé 41 tàbí 59 lọ ní ọ̀nà tí kò lè jẹ́ ti Ọlọ́run. Ní Àríwá Èkìtì níbí, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun lè sọ fún akọ̀wé pé, "Kọ 80 síbẹ̀, ọmọ mi." Akọ̀wé tó ń kánjú á kọ ọ́. Èyí tó mọṣẹ́ á fi kálámù sílẹ̀ ná.

"Màmá, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ní kí gbogbo ọmọ lọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ẹ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ. Èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi."

"Nígbà tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

"Há, mo ti lóyún Táíwò àti Kẹ́hìndé nígbà yẹn. Àwọn ni mo kọ́kọ́ bí."

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà kò lè ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Oṣù kẹrin ọdún 1972 ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ìbéèrè méjì péré, ó ti mọ̀ pé ìyá náà lé díẹ̀ ní 70, kò pé 80, ó sì ti mọ̀ pé bíi ẹni ọdún méjìdínlógún tàbí mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lóyún àkọ́kọ́. Méjì nínú ohun tí Pike ń wá nìyẹn, láìmú ìwé ìbí kankan jáde. Ẹ má sì rò pé ọdún mẹ́wàá yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Nínú jẹjẹrẹ tó ń tẹ̀ lé ìlà Armitage àti Doll, ẹni 80 ní ewu tó ju ti ẹni 70 lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Àṣìkọ kan lójú tábìlì, gbogbo ohun tí onímọ̀ ìṣirò kọ́ sórí rẹ̀ á wọ́.

Ọ̀nà kan náà ló so Ìdó mọ́ Ìfàkì, tó so Ìfàkì mọ́ Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, aláìsàn sì ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ tó ń ka ìṣirò sì wà níbẹ̀ tó mọ ohun tí ìlà tó tọ́ àti ìlà tó tẹ̀ ń sọ. Ohun tí Knudson ní lọ́wọ́ kò ju ìwé ọmọ 48 lọ. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀, ọjọ́ orí tó péye ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń gba káàdì ní Ìdó tàbí níbòmíràn, ẹ bá wọn jókòó nílé kí wọ́n tó lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹ fi ìtàn ìlú wá a, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n á máa mú dání. Bí wọ́n bá sọ 80, ẹ béèrè ti Awólọ́wọ̀.